Àáró àti Ọ̀wẹ̀: Ta Ni Ó Jẹ Gbèsè Ilé Tí A Jọ Kọ́?

Ohun mẹ́ta ni ọmọ ènìyàn kò lè ṣe aláìní: oúnjẹ, aṣọ àti ilé. Ẹni tí ebi ń pa lè tọ aládùúgbò rẹ̀ lọ kí ó sì jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ gbó lè yá ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ilé, ọ̀dọ̀ ta ni yóò máa sùn lálaalẹ́ tí kò ní sú onítọ̀hún? Àwọn àgbà kò ṣì í sọ nígbà tí wọ́n wí pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Bí ènìyàn tilẹ̀ ṣiṣẹ́ bí ẹrú láti òwúrọ̀ di alẹ́, bí kò bá ní ibi tí yóò forí lé, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì ní ìsinmi, ìrìn àjò rẹ̀ kò sì tíì ní òpin.

Nígbà tí aláìní kan bá wà láàrin wa tí apá rẹ̀ kò ká ilé kíkọ́, ọ̀nà méjì ni a lè gbà ràn án lọ́wọ́. A lè kọ́ ilé náà parí kí a sì fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. A sì lè pè é wá, kí òun pẹ̀lú wa jọ wa ilẹ̀, kí a jọ gbé igi, kí a sì jọ bo òrùlé. Èwo nínú méjèèjì ni ó dára jù? Lẹ́yìn tí ilé bá sì ti dúró tán, ǹjẹ́ ẹni tí a ràn lọ́wọ́ jẹ wá ní gbèsè kan bí? Bí ó bá jẹ wá, irú gbèsè wo ni, ta ni yóò sì san án fún? Ìbéèrè kékeré kọ́ ni ìwọ̀nyí, nítorí inú ìdáhùn wọn ni a óò ti mọ̀ bóyá ìrànlọ́wọ́ wa ń gbé ènìyàn ró ni tàbí ó ń tẹ̀ ẹ́ rì.

Kí òyìnbó tó dé ni àwọn baba wa ti dáhùn ìbéèrè yìí ní ọ̀nà tiwọn, orúkọ méjì ni wọ́n sì fún ìdáhùn náà: àáró àti ọ̀wẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń da méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àáró ni kí àwọn bíi mélòó kan tí ọjọ́ orí àti agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba parapọ̀, kí wọ́n ṣiṣẹ́ ní oko ẹnì kan lónìí, ní oko ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí gbogbo wọn. Ọjọ́ kan ni mo fún ọ, ọjọ́ kan ni ìwọ náà yóò san padà fún mi. Ọ̀wẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ńlá bá dé bá, ìbáà ṣe ilé kíkọ́, ìbáà ṣe oko tí ó fẹ́ tètè ro, ni ó ń bẹ ará, ọ̀rẹ́, àna àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wẹ̀. Kò sí ẹni tí ń ka ọjọ́ níbẹ̀. Oúnjẹ àti ẹmu ni onílé fi ń ṣe wọ́n lálejò, ọpẹ́ rẹ̀ sì ni owó iṣẹ́ wọn. Nínú ìwé ńlá tí N. A. Fádípẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ lórí ìgbé-ayé àwọn Yorùbá, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1970 lẹ́yìn ikú rẹ̀, kò gbàgbé àṣà ìràn-ara-ẹni-lọ́wọ́ yìí, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò lè mọ bí ayé àwọn baba wa ti ń lọ.

Bí a bá dárúkọ àáró ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, orúkọ Lísàbí ni ó ń tẹ̀lé e. Ìtàn tí àwọn Ẹ̀gbá ń sọ fún àwọn ọmọ wọn ni pé, nígbà tí wọ́n ṣì wà káàkiri nínú igbó wọn ní ìlú kéékèèké tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún, abẹ́ Aláàfin Ọ̀yọ́ ni wọ́n wà, àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ tí ń gbé láàrin wọn sì ń ni wọ́n lára púpọ̀. Lísàbí, àgbẹ̀ alágbára, wọ ẹgbẹ́ àáró. Ó bá olúkúlùkù ṣiṣẹ́ ní oko rẹ̀ láìṣe ìmẹ́lẹ́. Nígbà tí ó kan òun, kò pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí oko iṣu. Iṣẹ́ tí ó bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n dìde ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì bọ́ àjàgà àwọn ìlàrí kúrò lọ́rùn ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ oko ṣe di ẹgbẹ́ tí ó gba òmìnira. Kí ni ó mú kí wọ́n lè jẹ́ ìpè rẹ̀? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn. Wọ́n ti mọ ọwọ́ ara wọn lórí iṣẹ́. Wọ́n ti rí ẹni tí ń tètè dé àti ẹni tí ń pẹ́, ẹni tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé àti ẹni tí ń sá sábẹ́ igi. Ìgbẹ́kẹ̀lé kì í hù ní ọjọ́ kan. Láti ebè dé ebè ni tiwọn ti hù.

Lẹ́yìn èyí, ogun tú àwọn ìlú náà ká. Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé ẹsẹ̀ Òkè Olúmọ ní ọdún 1830, ilé tí àwọn kan kọ́kọ́ ní sì ni ihò àpáta. Abẹ́ òkúta ni wọ́n sá sí, ibẹ̀ ni ìlú ti gba orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò àpáta kò lè gba odidi ìran kan títí láé. Wọ́n ní láti sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n mọ ilé, kí wọ́n sì mọ odi yí ìlú ká. Àwọn ará ìlú kọ̀ọ̀kan tẹ̀dó sí àdúgbò tiwọn, wọ́n sì fi orúkọ ìlú wọn àtijọ́ pè é: Ìtòkú, Ìkìjà, Kẹ́mta, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1834 àwọn Òwu náà dé, a sì fún wọn ní ààyè. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ìlú tí gbogbo ará rẹ̀ jẹ́ aláìnílé lẹ́ẹ̀kan náà ni èyí. Kò sí ọlọ́rọ̀ kan láàrin wọn tí ó lè kọ́ ilé fún gbogbo ènìyàn kí ó sì jókòó máa gba ìdọ̀bálẹ̀. Bí ẹnì kan kò bá ran ẹnì kejì lọ́wọ́, ìta ni àwọn méjèèjì yóò sùn. Nígbà tí ogun Dàhòmì sì dé ẹ̀yìn odi ní oṣù kẹta ọdún 1851, ìlú ni wọ́n bá níbẹ̀, kì í ṣe àgọ́ ìsáǹsá, wọ́n sì padà pẹ̀lú ìjákulẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń mọ ilé alámọ̀ ní ayé ìgbà náà, nítorí ẹ̀kọ́ wà nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a ń ṣe é, kí òjò má baà wó ògiri tútù. Àwọn kan ń wa ilẹ̀, àwọn kan ń pọn omi, àwọn mìíràn ń fi ẹsẹ̀ po amọ̀ títí yóò fi fà dáadáa. Wọn a bù ú ní ìṣù ìṣù, a sì máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń mọ ògiri. Nígbà tí wọ́n bá mọ ìpele kan yí ilé ká, iṣẹ́ dúró. Bí agbára wọn ti wù kí ó pọ̀ tó, wọn kò gbọdọ̀ gbé ìpele kejì lé ìkíní títí ìkíní yóò fi gbẹ. Bí wọ́n bá fi ìwàǹwára gbé e lé e, gbogbo rẹ̀ ni yóò ya lulẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọn a tún pé jọ. Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tí yóò wá lẹ́ẹ̀kan kí a sì máa yìn ín ni onílé nílò. Àwọn tí yóò padà wá ni ó nílò. Àwọn obìnrin ń dáná, àwọn ọmọdé ń ru omi. Arúgbó tí kò lè tẹ amọ̀ mọ́ a jókòó síbi òjìji, a máa wo bí ògiri ti ń lọ, a sì ké sí wọn bí ó bá fẹ́ wọ́. Kò sí ẹni tí kò ní iṣẹ́ níbẹ̀, onílé ni ó sì kọ́kọ́ ń dé tí ó sì ń kẹ́yìn kúrò.

Nísinsìnyí, ẹnì kan lè dìde kí ó wí pé: “Oore tí ó ga jù ni èyí tí a ṣe láìretí ohunkóhun. Bí mo bá bá ọ ṣiṣẹ́ lónìí nítorí kí ìwọ lè bá mi ṣe tèmi lọ́la, òwò ni mo ń bá ọ ṣe. Ẹni tí ó kọ́ ilé parí tí ó sì fi tọrẹ ni aláàánú tòótọ́.” Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín dá a nù. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó fúnni láìretí èrè ti ṣe ohun tí ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ojú ẹni tí ń fúnni nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń wò. Kò wo ojú ẹni tí ń gbà.

Ẹni tí ń gbà ní ojoojúmọ́ tí kò sì ní ohun kan tí òun náà lè fi fúnni, ìtìjú wọ inú ilé pẹ̀lú rẹ̀. Ní ìpàdé àdúgbò, ohùn rẹ̀ a rẹlẹ̀. Bí olóore rẹ̀ bá sọ ohun tí kò tọ́, kò ní lè kò ó lójú. A lè máa pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọmọ àwọn tí a kọ́lé fún. Òwe wa sọ pé ẹni tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Èmi yóò fi kún un pé kì í sì í yan ọ̀nà. Ibi tí ẹni tí ó pọ̀n ọ́n bá ń lọ ni òun náà ń lọ. Bí ó bá jẹ́ pé a fún ènìyàn ní ilé ṣùgbọ́n a gba ohùn rẹ̀, ta ni yóò sọ pé èrè ni ó jẹ?

Síwájú sí i, kì í ṣe òtítọ́ pé òwò ni àáró. Nínú òwò, ẹni tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù a máa béèrè owó tí ó pọ̀ jù, ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ le a sì san ju ẹlòmíràn lọ. Nínú àáró, ọjọ́ alágbára àti ọjọ́ ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan náà ni wọ́n. Kò sí ẹni tí ń wọn ebè. Ohun tí a ń dá padà kì í ṣe iye iṣẹ́, bí kò ṣe ipò ènìyàn láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Àti pé nígbà tí a bá sanwó ọjà tán, olùtà àti olùrà a tú ká. Ṣùgbọ́n nígbà tí àáró bá kárí, a tún bẹ̀rẹ̀. Gbèsè tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀wọ̀n tí a fi de ènìyàn. Okùn tí a fi di òṣùṣù ọwọ̀ ni.

Ìṣòro kejì wúwo ju ti ìṣáájú lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó lè ṣiṣẹ́ nìkan ni a ó bá ṣiṣẹ́, kí ni a ó ṣe sí opó tí ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀? Kí ni a ó ṣe sí aláìsàn, sí afọ́jú, sí àlejò tí kò ní ará? Kí a sọ òtítọ́: ibí ni àáró ti ń kùnà. Àwọn tí agbára wọn dọ́gba ni a dá a sílẹ̀ fún. Ẹni tí kò lè san ọjọ́ padà kò ní àyè nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ni ó ṣe aláìní jù. Bí àwọn baba wa bá ní àáró nìkan, ọ̀pọ̀ aláìlágbára ìbá kú síta.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní ọ̀wẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ọ̀wẹ̀, olúkúlùkù ń mú ohun tí ó ní wá. Opó lè dáná fún àwọn tí ń mọ ògiri. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ni ilé nílò. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́ má ṣe jókòó bí òǹwòran níbi tí a ti ń kọ́ ilé rẹ̀. Kí a wá ohun tí ó lè ṣe, kí a sì kà á sí iṣẹ́. Bí ẹnì kan bá sì wà tí kò lè ṣe ohunkóhun rárá, tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, kí a kọ́ ilé rẹ̀ fún un kí a sì dákẹ́. A kò gbọdọ̀ sọ iṣẹ́ di owó ibodè tí aláìní gbọ́dọ̀ san kí ó tó wọ inú àánú wa. Kò sí ẹni tí kò ní ìgbà kan tí a gbé pọ̀n. Ìgbà èwe gbogbo wa ni ẹ̀rí.

Ìṣòro kẹta ni ti ipá. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé àjọṣepọ̀ dára lè rò pé ó dára kí a fi tipátipá mú ènìyàn ṣe é. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ti rí ohun tí ń ti inú irú èrò bẹ́ẹ̀ jáde. Ní ọdún 1914 ni ìjọba òyìnbó fi òpin sí ìjọba-ara-ẹni tí Abẹ́òkúta ní. Lẹ́yìn náà, a fi ipá kó àwọn ará oko ṣiṣẹ́ ọ̀nà láìgba owó, nígbà tí ó sì di 1918 a tún bu owó orí tuntun lé wọn. Nínú ọdún náà ni Ogun Adùbí bẹ́ sílẹ̀. A hú ojú irin, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọmọ àwọn tí ó mọ odi ìlú ni wọ́n, àáró àti ọ̀wẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí wọn. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni pé kí a mú iṣẹ́ tí a ń ṣe fún ara ẹni pẹ̀lú ìfẹ́, kí a bọ́ ìfẹ́ kúrò nínú rẹ̀, kí a sì fi ẹgba dípò rẹ̀. Ìjọba lè béèrè owó orí, bí ó bá tọ́ tí ó sì jẹ́ òdodo, kí ó fi san owó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ tí ènìyàn kò lè kọ̀ kì í ṣe ọ̀wẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí èdè wa fi sọ pé a ń “bẹ” ènìyàn lọ́wẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe àṣẹ.

Ayé ti yí padà. Páànù ti gba ipò ewé àti koríko, búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì ti gba ipò amọ̀. Ilẹ̀ tí ẹbí ń pín fún ọmọ wọn tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí a ń tà. Bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá fi ọ̀wẹ̀ wá lónìí, wọn kò lè fi ẹsẹ̀ po ọ̀pá irin. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe sọ pé àṣà náà ti kú. Ṣùgbọ́n kò kú. Ó yí aṣọ padà ni. Èésú tí àwọn ìyá wa ń dá, àáró owó ni. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tí òfin ilẹ̀ wa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1935, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò ni ó ti ti inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ra ilẹ̀ tí wọ́n sì kọ́ ilé.

Ní ìlú òkèèrè pàápàá, àwọn kan ti tún ọgbọ́n yìí rí. Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Millard Fuller. Agbẹjọ́rò ni, ó sì jẹ́ ọlọ́rọ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Linda, fi ọrọ̀ wọn sílẹ̀, wọ́n sì lọ sí oko kan ní ìpínlẹ̀ Georgia, níbi tí Clarence Jordan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbé ní ìṣọ̀kan, funfun àti dúdú, nígbà tí òfin àti àṣà ibẹ̀ kórìíra irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni èrò náà ti bẹ̀rẹ̀ pé kí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni àti àwọn ìdílé tí owó tí ń wọlé fún wọn kò pọ̀ máa jọ kọ́ ilé. Láti ọdún 1973 ni Fuller àti ìyàwó rẹ̀ ti dán an wò ní ìlú Mbandaka, ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Zaire nígbà náà, tí í ṣe Kóńgò lónìí. Nígbà tí wọ́n padà sílé ní 1976, wọ́n dá ẹgbẹ́ Habitat for Humanity sílẹ̀. Ní 1984, Jimmy Carter, tí ó ti jẹ Ààrẹ Amẹ́ríkà rí, mú òòlù dání ní New York láti bá wọn ṣiṣẹ́, ó sì ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ẹgbẹ́ náà ti kọ́ ilé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, Gánà sì wà lára wọn.

Bí a bá yẹ ìlànà ẹgbẹ́ yìí wò, a óò rí ohun mẹ́ta. Èkíní, ìdílé tí yóò gbé inú ilé gbọ́dọ̀ fi ọ̀pọ̀ wákàtí ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tàbí lórí ilé ẹlòmíràn. Ẹni tí kò lágbára láti gbé búlọ́ọ̀kù lè ṣe iṣẹ́ mìíràn tí ó rọrùn. Èkejì, wọn kò fi ilé náà tọrẹ. Ìdílé ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni pé a kò gbọdọ̀ gba èlé lórí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ó yẹ kí a kíyè sí jù lọ. Owó tí wọ́n ń san kì í padà sí àpò ẹni tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ilé ìdílé mìíràn ni a fi ń kọ́.

Níhìn-ín ni mo rò pé a ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè wa. Ẹni tí a bá kọ́ ilé jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́ ni ó jẹ ẹ́. Ẹni tí ó kù lẹ́yìn ni ó jẹ ẹ́. Bí mo bá san án fún olóore mi, ọ̀rọ̀ parí láàrin àwa méjèèjì. Bí mo bá san án fún ẹni tí kò tíì ní, gbèsè náà ń bá a lọ, ilé sì ń pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni agbára àáró, tí í ṣe ìdọ́gba, àti agbára ọ̀wẹ̀, tí í ṣe ọ̀làwọ́, ṣe di ọ̀kan. Ìdọ́gba wà níbẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó jẹ́ agbàfẹ́ títí ayé. Ọ̀làwọ́ sì wà níbẹ̀, nítorí ẹni tí a ń san án fún kò tíì ṣe ohunkóhun fún wa rí.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe jẹ́ kí ohun rere yìí fọ́ wa lójú. Inú rere kò lè rọ́pò ìmọ̀. Ògiri tí àwọn olùfẹ́ ọmọnìkejì mọ láìsí bíríkìlà tí ó mọ iṣẹ́ lè wó pa àwọn tí a kọ́ ọ fún, àánú wa kò sì ní gbé òkú dìde. Kí ọ̀jáfáfá darí iṣẹ́, kí a sì san owó rẹ̀ fún un, nítorí kò tọ́ kí a fi ọ̀fẹ́ wa gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tí ń fi iṣẹ́ yìí bọ́ ọmọ. Bákan náà, Odò Ògùn ń kún àkúnya, bí a bá sì jọ kọ́ ilé sí ojú ọ̀nà omi nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ pọ́ọ́kú, ikú ni a jọ kọ́. Ojúṣe ìjọba ni láti rí i pé tálákà rí ilẹ̀ tí ó dára, pẹ̀lú ìwé tí ó dájú, kí ẹnikẹ́ni má baà lé e kúrò níbẹ̀ lọ́la. Ọ̀wẹ̀ kò gba ìjọba sílẹ̀ lọ́wọ́ ojúṣe rẹ̀. Kí olùyọ̀ǹda-ara-ẹni pẹ̀lú sì ṣọ́ ara rẹ̀. Bí ó bá wá fún ọjọ́ kan kí àwọn ènìyàn lè rí i, tí kò sì padà wá nígbà tí ìpele kìíní bá gbẹ, ìyìn ni ó wá gbà, kì í ṣe iṣẹ́ ni ó wá ṣe.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lè máa wí nínú ọkàn yín pé, “Àwa kò tíì ní owó, a kò sì ní ilẹ̀. Kí ni ọ̀rọ̀ yìí kàn wá sí?” Ó kàn yín púpọ̀. Ọwọ́ tí ó dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ̀ lọ́wẹ̀. Bí ẹ kò bá jẹ́ kí aládùúgbò bẹ ọwọ́ yín, ẹlòmíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ kò dára yóò bẹ̀ ẹ́. Ṣé ẹ mọ ìyá àgbà kan ní àdúgbò yín tí òjò ń jò sínú ilé rẹ̀? Ìdajì ọjọ́ Sátidé ẹgbẹ́ yín, pẹ̀lú kápẹ́ńtà kan tí ó mọ iṣẹ́, lè mú ìyẹn kúrò. Nígbà tí ẹ bá sì dé ibẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé kí ìyá jókòó sí ọ̀nà jíjìn. Bí ó bá fẹ́ bu omi fún yín mu, ẹ gbà á, kí ẹ sì dúpẹ́. Omi náà ni ìpín tirẹ̀ nínú iṣẹ́, bí ẹ bá sì kọ̀ ọ́, ẹ ti sọ ọ́ di àlejò nínú ilé ara rẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ méjèèjì fi ń mọ́. Àwọn tí ó sọ̀ kalẹ̀ láti inú ihò àpáta ní 1830 kò bá ilé kankan níbẹ̀. Àwọn ni ó mọ èyí tí ó wà níbẹ̀ lẹ́yìn wọn, àwa sì jogún ìlú. A kò lè san gbèsè náà fún wọn mọ́, nítorí wọ́n ti lọ. Ẹni tí ó ṣì ń sùn síta lónìí ni ó kù tí a lè san án fún.